Èémí Tó Kù Nínú Síídì Màámi

Wọ́n ti ṣọ́ọ̀bù ọkùnrin kan pa ní Ṣakí nítorí ẹ̀ṣẹ̀ tí kò ṣẹ̀, èmi tí mo fẹ̀sùn kàn án ni mo ṣẹ ẹ̀ṣẹ̀ náà.

Ó ti lé ní ọdún mẹ́ta tí mo ti gbé ọ̀rọ̀ yìí sínú. N kò sọ fún ọkọ mi, n kò sọ fún ààfáà wa. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ̀yin tí ẹ ń ka ojú ìwé yìí, ẹ má tíì bú mi, ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ tán. Mo lọ sí yunifásítì, olùkọ́ ni mí nílé ẹ̀kọ́ girama, mo sì mọ bí a ṣe ń to ẹ̀sùn sí ẹlòmíràn lọ́rùn ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Tèmi ni mo fẹ́ tò lónìí.

Àbúrò mi obìnrin ló sọ ohun kan fún mi lọ́sẹ̀ tó kọjá. Màá dé ibẹ̀.

Àwa mẹ́ta ni Màámi bí. Èmi ni àkọ́bí, Ràfíátù ló tẹ̀lé mi, àbúrò wa ọkùnrin tó ń ṣiṣẹ́ ní Kánò ló kẹ́yìn. Ìwéré-Ilé ni Màámi ń gbé, nídìí oko kaṣú rẹ̀.

Èmi àti Ràfíátù jọ ṣe ìdánwò àtiwọ yunifásítì lọ́dún kan náà ni. Àwa méjèèjì la yege. Kí n sọ ọ́ bó ṣe rí: máàkì tirẹ̀ ju tèmi lọ. Ẹnì kan ṣoṣo ni agbára Màámi ká. Ó ní kí ẹ̀gbọ́n kọ́kọ́ máa lọ. Mo kúnlẹ̀ níwájú àwọn méjèèjì, mo ní bí mo bá ti ríṣẹ́, èmi ni n ó rán Ràfíátù lọ. Mo ríṣẹ́. N kò rán an. Ọdọọdún ni mo ń wá àwáwí, títí ó fi gba Ṣẹ̀pẹ̀tẹ̀rí lọ sílé ọkọ.

Nígbà tí àìsàn dá Màámi dùbúlẹ̀, ó ránṣẹ́ pè mí. Ó ní kí n fi fóònù mi ká òun sílẹ̀, ohùn àti àwòrán, òun fẹ́ ki àwọn ọmọ òun. Mo gbé fóònù náà ti ìkòkò omi. Àwa méjì péré la wà nínú yàrá. Ràfíátù ṣẹ̀ṣẹ̀ bímọ, òjò sì ti ba ọ̀nà jẹ́, kò tíì lè wá.

Ẹ mọ bí àwọn ìyá wa ṣe ń ki ọmọ. Orí àkọ́bí ni wọ́n ti ń bẹ̀rẹ̀, wọn á sì máa bọ̀ nísàlẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan. Lọ́dọ̀ tiwa, ọmọ tí ìyá bá fò nínú oríkì ìkẹyìn, ìyá náà ti sọ ohun tó wà nínú rẹ̀ nìyẹn.

Màámi kò fo ẹnì kankan. Ó ki èmi Àjíkẹ́. Ó dákẹ́, ó fa èémí, ó wá kan Ràfíátù. Àṣàkẹ́ ni oríkì Ràfíátù, Màámi nìkan ló sì ń pè é bẹ́ẹ̀ láyé.

“Àṣàkẹ́ ẹlẹ́sẹ̀ ìrì, ọmọ tí í ṣáájú ẹyẹ dé oko. Àṣàkẹ́, ìwọ lo mọ̀wé jù, ọkọ́ ni mo gbé lé ẹ lọ́wọ́. Ẹ̀gbọ́n rẹ ṣèlérí níṣojú mi. Kò mú un ṣẹ. Mo rí i, mo dákẹ́. Àṣàkẹ́ mi, dárí jì mí.”

Ìṣẹ́jú mẹ́rin gbáko ló fi ń kì í tó sì ń bẹ̀ ẹ́. Oríkì ń wọnú ẹ̀bẹ̀, ẹ̀bẹ̀ ń wọnú oríkì, bí òwú òfì. Lẹ́yìn náà ló ki àbúrò wa Àlàó, ó ṣàdúrà, ó sì yíjú sí mi.

“Ṣé ó wọlé?”

“Ó wọlé, Màámi.”

“Ọwọ́ ara rẹ ni kó o fi fún un. Ìṣojú rẹ ni mo ti sọ ọ́, n kò sọ ọ́ lẹ́yìn rẹ.”

Ọjọ́ kẹta, ó kú. Nígbà tí Ràfíátù dé tòun ti ọmọ lẹ́yìn, wọ́n ti ń kó ṣọ́bìrì kúrò nídìí sàréè.

Ẹbí ní ká kọ fídíò náà sórí síídì, ká pín in níbi àdúrà ogójì ọjọ́, torí pé ọ̀pọ̀ àwọn àgbà wa kò mọ fóònù tẹ̀, ṣùgbọ́n ẹ̀rọ síídì wà nílé wọn. Nínú agbolé wa, Àǹtí Yunifásítì ni wọ́n ń pè mí. Èmi ni wọ́n fi ń bá ọmọ tí kò kàwé wí. Gbogbo wọn ni yóò jókòó gbọ́ ohun tí mo ṣe.

Ọ̀sán gangan ni mo jókòó ti kọ̀ǹpútà ilé ẹ̀kọ́ wa. Àwòrán wà lókè, ohùn wà nísàlẹ̀, bí ìlà méjì nínú ìwé. Mo gé ìṣẹ́jú mẹ́rin náà kúrò nínú àwòrán. Mo tún gé e kúrò nínú ohùn. Ìkánjú ni mo fi ṣe é. Ibi tí mo ti gé ọ̀kan kò bá ibi tí mo ti gé èkejì mu: mo ṣẹ́ ohùn bí ìṣẹ́jú àáyá mẹ́ta kù nínú ohun tó yẹ kó lọ. N kò mọ̀. Mo gbé e lọ bá Baba Kásẹ́ẹ̀tì.

Baba Kásẹ́ẹ̀tì ni gbogbo Ṣakí ń pe ọkùnrin tí mò ń wí yìí, torí pé láti ayé kásẹ́ẹ̀tì ló ti ń ká ohùn àwọn èèyàn. Lọ́jọ́ kejì, ó pè mí.

“Àǹtí, ẹ jókòó. Ohùn Màámi kò bá ẹnu wọn lọ.”

“Ẹ̀rọ yín ló ti bàjẹ́.”

Ó rẹ́rìn-ín. “Ẹ̀rọ mi dàgbà ju àwọn akẹ́kọ̀ọ́ yín lọ lóòótọ́, ṣùgbọ́n kò tíì ṣarán.”

Ó ní fóònù lòun kọ́kọ́ fura sí. Fóònù kì í ya àwòrán ní ìwọ̀n kan náà. Á yára níbí, á falẹ̀ lọ́hùn-ún. Ìwọ̀n kan ṣoṣo sì ni síídì mọ̀. Bí èèyàn kò bá kọ́kọ́ sọ ọ́ di ìwọ̀n kan, ohùn á máa fi ẹnu sílẹ̀ díẹ̀díẹ̀, bí ọmọ kékeré tó ń tẹ̀lé ìyá rẹ̀ lọ sóko: wọ́n á jọ kúrò nílé, nígbà tó bá yá ọmọ á ti wà lẹ́yìn. Ó ní òun ti sọ ọ́ di ìwọ̀n kan, kò yanjú. Òun fi síídì náà sínú ẹ̀rọ mìíràn, bákan náà ni. Ìgbà náà lòun wá ń yẹ̀ ẹ́ wò níbẹ̀rẹ̀, láàárín àti níparí.

Ó tẹ̀ ẹ́ fún mi. Màámi ń ki Àjíkẹ́, ẹnu àti ohùn ṣe déédéé. Lójijì, gèlè orí rẹ̀ fò láti ẹ̀gbẹ́ kan sí èkejì. Ẹnu rẹ̀ ti ń pe Àlàó, ohùn rẹ̀ sì ṣẹ̀ṣẹ̀ ń fa èémí. Láti ibẹ̀ lọ, ìṣẹ́jú àáyá mẹ́ta ni ohùn fi wà lẹ́yìn, kò dín, kò lé. Níparí, ẹnu ti pa dé, àmín ṣì ń bọ̀.

“Ẹ rí i? Kì í ṣe pé ó ń fà. Ojú ibì kan ló ti já, kò sì kúrò bẹ́ẹ̀ mọ́. Àǹtí, eléyìí kì í ṣe ọ̀rọ̀ ẹ̀rọ. Ẹnì kan ló gé e.”

Ó dá a padà, ó tún jẹ́ kí n gbọ́ èémí yẹn. “Ẹni tó bá fa èémí báyìí fẹ́ sọ nǹkan ni. Níbo ni nǹkan ọ̀hún wà? Bí mo bá yọ èémí yìí, ohùn á bá ẹnu mu lójú ẹsẹ̀. Ṣùgbọ́n èémí olóògbé ni. N kò ní yọ ọ́ láìjẹ́ pé ẹ ní kí n yọ ọ́.”

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi sùúrù gbọ́ èyí. Bí mo bá sọ pé kó yọ ọ́, mo ti gbà pé mo mọ ìdí tó fi já nìyẹn. Kàkà bẹ́ẹ̀, mo pariwo mọ́ ọn. Mo ní ṣé èmi ló ń pè ní ọ̀dàlẹ̀, kó kọ ọ́ bó ṣe wà. Ó wò mí pẹ́. Ó ní, “Ó dáa, Àǹtí.” Ó sì kọ ọ́ bó ṣe wà.

Lọ́jọ́ àdúrà, wọ́n gbé tẹlifíṣọ̀n sí gbàgede. Nígbà tí ohùn bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ̀lé ẹnu lẹ́yìn, àwọn ọmọdé bú sẹ́rìn-ín. Àbúrò bàbá wa dìde fùú.

“Ta ló ń fi òkú ṣe yẹ̀yẹ́ nínú ilé yìí?”

Mo na ìka sí Baba Kásẹ́ẹ̀tì níbi tó jókòó sí láàárín àwọn àlejò. Mo ní òun ni. Ariwo sọ. Ariwo yẹn ló bò mí láṣìírí, ẹ̀yin èèyàn mi. Nítorí ohùn tó pẹ́, kò sẹ́ni tó béèrè oríkì tó sọnù. Ràfíátù nìkan ni mo rí tó dìde jẹ́ẹ́, tó wọ yàrá Màámi lọ.

N kò dúró síbẹ̀. Mo kọ̀wé sí ẹgbẹ́ àwọn oníṣẹ́ fídíò, ojú ìwé mẹ́ta. Mo fi nọ́ńbà sí ẹ̀sùn kọ̀ọ̀kan: àìmọṣẹ́, títàbùkù òkú, àfojúdi sí oníbàárà. Gbogbo àmì ohùn pé síbẹ̀. Wọ́n pè wá. Mo rojọ́ bí ẹni tó ń kọ́ kíláàsì. Ohun kan ṣoṣo ni ọkùnrin náà sọ: “Bí wọ́n ṣe gbé e wá ni mo ṣe kọ ọ́. Ẹ tẹ̀ ẹ́ kí ẹ gbọ́.” Kò sẹ́ni tó tẹ̀ ẹ́. Síídì náà wà lórí tábìlì níwájú wọn, nínú ọ̀rá rẹ̀. Wọ́n ní akọ̀wé kì í parọ́. Wọ́n ti ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ pa.

Abẹ́ igi nítòsí ibùdókọ̀ ló ń tún rédíò ṣe báyìí. Bí mo bá ń kọjá, òun ló kọ́kọ́ ń kí mi. “Àǹtí, ẹ kú ìrìn o.” Kò sọ àṣírí mi fún ẹnikẹ́ni. Ìbá tiẹ̀ bú mi.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, mo lọ kí Ràfíátù ní Ṣẹ̀pẹ̀tẹ̀rí. Mo bá wọn nídìí síídì Màámi. Háwáù, ọmọ rẹ̀ tó wà lẹ́yìn rẹ̀ lọ́jọ́ sàréè, ti ń sọ̀rọ̀ báyìí.

“Màmá, Ìyá Àgbà ti panu dé, wọ́n ṣì ń sọ̀rọ̀.”

“Ọ̀nà wọn ló jìn, aláròyé. Kí ohùn wọn tó ti ibẹ̀ dé Ṣẹ̀pẹ̀tẹ̀rí ńkọ́? Ṣé o rò pé ọ̀kadà ló gbé e ni?”

A jọ rẹ́rìn-ín. Ràfíátù bá dá síídì náà padà. Èémí yẹn ló ń wá. Ó gbọ́ ọ, ó tún dá a padà, ó tún gbọ́ ọ.

“Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ má fi mí rẹ́rìn-ín. Mo mọ̀ pé Màámi bínú pé n kò tètè dé. Wọ́n fò mí. Kò burú. Ṣùgbọ́n ẹ gbọ́ èémí yìí, lẹ́yìn oríkì tiyín, kó tó kan Àlàó. Ojú ibẹ̀ ló yẹ kí n wà. Mo máa ń sọ fún ara mi pé wọ́n fẹ́ pè mí, ó rẹ̀ wọ́n ni. Èémí yìí ni mo mú bíi tèmi.” Ó pa ẹ̀rọ náà. “Kò sẹ́ni tó ń pè mí ní Àṣàkẹ́ mọ́.”

Mo bá a pa ẹ̀pà, mo sì wá sílé.

N kò ju fídíò tòótọ́ náà nù. Inú káàdì mẹ́mórì fóònù mi àtijọ́ ló wà, mo so ó mọ́ etí gèlè Màámi nínú àpótí mi. Èmi náà ń wá ohùn yẹn. Mo ń wá a nígbà tí mo bá ń gúnyán, mo ń wá a nígbà tí kaṣú bá ń tanná. N kò lè tẹ̀ ẹ́, torí pé bí mo bá fẹ́ gbọ́ Màámi, mo gbọ́dọ̀ gbọ́ ohun tó sọ.

Ẹ jọ̀ọ́, n kò ní kí ẹ bá mi bẹ Ràfíátù. Èmi ni n ó kúnlẹ̀ fún un, bí mo ṣe kúnlẹ̀ lọ́jọ́ ìlérí. Mo lè gbé mẹ́mórì náà lọ bá oníṣẹ́ mìíràn lọ́la, ṣùgbọ́n n kò ní ṣe bẹ́ẹ̀. Baba Kásẹ́ẹ̀tì ló mọ ibi tó ti já. Ọwọ́ rẹ̀ ni mo fẹ́ kó fi so ó pọ̀, nínú ṣọ́ọ̀bù rẹ̀, níṣojú gbogbo ẹni tí mo parọ́ fún.

Nítorí náà, ẹ̀yin àgbà ẹgbẹ́ oníṣẹ́ fídíò, ẹ mọ ara yín. Mo ti ka tèmi, ó ku tiyín. Kí ló dé tí ẹ kò tẹ síídì náà? Ìṣẹ́jú márùn-ún péré, àṣírí mi ìbá tú. Ta ló sọ fún yín pé ẹni tó mọ àmì ohùn í fi kì í parọ́? Ọwọ́ ta ni kọ́kọ́rọ́ ṣọ́ọ̀bù yẹn wà? Ọjọ́ wo lẹ máa ṣí i? Ẹ dá mi lóhùn. Obìnrin kan wà ní Ṣẹ̀pẹ̀tẹ̀rí tó ń fi èémí kan ṣoṣo ṣe oríkì, ìṣẹ́jú mẹ́rin rẹ̀ sì wà lọ́wọ́ mi.