Nẹ́tíwọ̀kì Kùtọnu Nínú Wáífáì Màámi

Ẹ̀yin ẹbí tó wà lórí Wásáàpù yìí, ẹ káàárọ̀ o. Èmi Cornelius ni. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbọ́ ohùn yìí dópin. Wọ́n ní bí irọ́ bá lọ lógún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òtítọ́ ń bá a. Tèmi ò tiẹ̀ tíì pé ọdún kan, ó ti há mi lọ́fun, àfi kí n bì í lónìí. Ẹ̀gbọ́n mi Ọmọ́délé, ẹ̀yin gan-an ni mò ń bá sọ̀rọ̀.

Gbogbo wa la mọ̀ pé etí Màámi ti di pátápátá kí wọ́n tó kú. Kí a pè wọ́n lórí fóònù kò wúlò fún wọn mọ́. Ìdí nìyẹn tí ẹ fi ra Wáífáì kékeré yẹn ránṣẹ́ láti Kánádà, kí wọ́n lè máa rí ojú yín nínú fídíò lórí fóònù mi, torí nẹ́tíwọ̀kì fóònù náà fúnra rẹ̀ kò lè gbé fídíò. Tó bá ti di aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́, Màámi á ti wé gèlè, wọ́n á ti kun àtíkè, wọ́n á ní, "Cornelius, gbé ọmọ mi wá." Ọmọ mi kẹ̀! Èmi tí mò ń gbé omi gbígbóná fún wọn láràárọ̀, tí mò ń pọ̀n wọ́n lọ sí ọsibítù, ọmọ ta wá ni èmi? Inú bí mi. Ìlara ni, mi ò ní pè é ní nǹkan mìíràn.

Ẹ mọ bí ìlú Tube wa yìí ti sún mọ́ bodè Kùtọnu tó. Nígbà mìíràn Wáífáì náà á fi nẹ́tíwọ̀kì wa sílẹ̀, á lọ rọ̀ mọ́ ti Kùtọnu, iná rẹ̀ á pọ́n, fídíò ò sì ní wọlé. Kì í ṣe iṣẹ́ ńlá. N ó ṣí sẹ́tìn rẹ̀ lórí fóònù mi, n ó fọwọ́ ara mi yan ti Nàìjíríà, iná á di aláwọ̀ ewé. Mo ti ṣe é tó ogún ìgbà. Ní Ọjọ́rú kan, ó tún lọ sí Kùtọnu, mo sì fi í síbẹ̀. Ọjọ́ kan péré ni mo ní lọ́kàn. Àmọ́ nírọ̀lẹ́ ọjọ́ yẹn, èmi ni Màámi bá jókòó, tí wọ́n ń sọ̀rọ̀ ìgbà èwe wọn fún. Ó dùn mọ́ mi. Mo tún fi í síbẹ̀ lọ́jọ́ kejì.

Ẹ pè mí, ẹ ní, "Àbúrò mi, pa á, kí o tún un tàn." Mo ní mo ti ṣe é. "Yọ síìmù rẹ̀, nù ún, dá a padà." Mo ní mo ti nù ún. "Gbé e sójú fèrèsé." Irọ́ ni gbogbo rẹ̀, ẹ̀gbọ́n mi! Lójú Màámi, mò ń yọ bátìrì, mò ń fẹ́ atẹ́gùn sí i, mò ń mirí. Wọ́n ní, "Pẹ̀lẹ́ ọmọ mi, má jẹ́ kó rẹ̀ ọ́ jù." Èmi òṣìkà ni wọ́n ń ṣàánú!

Ọ̀sẹ̀ méjì kọjá, Màámi ò lè jẹun mọ́. Ní ọjọ́ Ẹtì, wọ́n wé gèlè lórí ibùsùn, wọ́n ní, "Ọmọ́délé ńkọ́? Kí n rí i lẹ́ẹ̀kan." Ìṣẹ́jú kan ló máa gbà mí. Àmọ́ tó bá ṣiṣẹ́, ẹ ó béèrè ohun tó ń ṣe é látọjọ́ yìí, àṣírí á tú. Ẹ̀rù bà mí. Mo mú bébà, mo kọ ọ́ gàdàgbà: "Ọmọ́délé ní ọwọ́ òun dí." Màámi tó ṣe tíṣà títí tí wọ́n fi fẹ̀yìn tì kà á. Wọ́n tún un kà. Wọ́n tú gèlè wọn, wọ́n ká a, wọ́n yíjú sógiri. Wọn ò béèrè ẹnikẹ́ni mọ́. Láàárọ̀ ọjọ́ Ìsinmi, wọ́n kú.

Nígbà ìsìnkú, ẹ kúnlẹ̀ síbi sàréè, ẹ ń sunkún pé, "Màámi, ẹ dárí jì mí, ọjà burúkú ni mo rà fún yín." Mo dì yín mú, mo ní ẹ má sunkún mọ́, mo sì tún bo àṣírí náà mọ́lẹ̀. Láàárọ̀ yìí ẹ gbé fọ́tò ọmọ yín tuntun síbí, ẹ ní Cornelius lẹ sọ ọ́, torí èmi ni mo tọ́jú ìyá wa dójú ikú. Ẹ̀gbọ́n mi, mo fi Ọlọ́run bẹ̀ yín, ẹ wá orúkọ mìíràn fún ọmọ náà. Tí ẹ bá lè dárí jì mí, ẹ ṣàánú mi. Tí ẹ ò bá lè ṣe é, mi ò ní bá yín jà. Ṣùgbọ́n ẹ má dá ara yín lẹ́bi mọ́. Wáífáì tí ẹ rà dára. Òun ni mo fi ń fi ohùn yìí ránṣẹ́ sí yín.