Òǹwòran Tí A Kò Rí

Ní èbúté Ìjẹ̀dẹ́, níbi tá a ti ń retí ọkọ̀ ojú omi, mo gbọ́ tí tíṣà kan ń bá ìyá àgbà kan sọ̀rọ̀.

"Màmá, ọmọọmọ yín sọ̀rọ̀ lónìí."

"Èyí tí kò lanu látìgbà tí ìyá rẹ̀ ti kú?"

"Òun ni, mà. Mo ń kọ́ àwọn ọmọ kíláàsì wa ní eré tí wọ́n fẹ́ ṣe, mo ní òṣèré ló ń ṣeré, òǹwòran ló ń wò ó. Ló bá bi mí pé, 'Ṣé òǹwòran lè wà níbẹ̀ kí òṣèré má rí i?' Mo ní bẹ́ẹ̀ ni, torí ojú òṣèré ni iná ń tàn sí. Ló bá rẹ́rìn-ín, ó gun orí ìtàgé."

Ìyá àgbà tẹjú mọ́ omi. "Òǹwòran tí a kò rí," ó wí jẹ́jẹ́, bí ẹni tó ń sọ̀rọ̀ lójú oorun. "Ọjọ́ wo leré ọ̀hún?"

"Ọjọ́ Jímọ̀, mà."

"Bá mi gba àyè méjì sílẹ̀."