Ìwé Àṣẹ Tí Mo Fẹsẹ̀ Ara Mi Gbà

Jókòó! Mo ní kó o jókòó, má dúró sẹ́nu ọ̀nà bí oníbàárà tó wá gba aṣọ tí n kò tíì rán tán. Gbé ìwé yẹn sórí tábìlì, gbé bírò náà sílẹ̀. N kò ní sá. Níbo ni mo fẹ́ sá lọ? Ilé tí mi ò bá sá wá náà lẹ̀ ń tà mọ́ mi lórí yìí!

Ṣé o mọ ohun tí ọkùnrin yẹn ṣe níbí láàárọ̀ àná? Ẹni tó fẹ́ ra ilé ni mò ń sọ, èyí tí bàtà ẹ̀ funfun báláú yẹn. Ejẹ́ǹtì yín ní kí n tún ilé ṣe, ó ní ẹni tó ń bọ̀ á fẹ́ kí gbogbo ibi mọ́ tónítóní. Ọjọ́ mẹ́ta gbáko ni mo fi wà lórí ìkúnlẹ̀, èmi tí orúnkún ń dùn, mo fọ àtẹ̀gùn láti òkè délẹ̀, mo kun irin tá a máa ń dì mú lára àtẹ̀gùn, irin tí bàbá wa fọwọ́ ara ẹ̀ jó pọ̀, torí wẹ́dà ni bàbá wa, o ò lè gbàgbé ìyẹn. Mo bẹ tíṣà, ayálégbé wa tó ń gbé lókè mi, pé kó jọ̀ọ́ kó kó àwọn ìwé ìròyìn ẹ̀ kúrò lójú fèrèsé, bàbá arúgbó náà sì kó wọn, kò mọ̀ pé ẹrù ara òun lòun ti ń palẹ̀ ẹ̀ mọ́. Ọkùnrin náà dé, kò wọ yàrá kan. Ẹyọ kan ṣoṣo! Àárín títì ló dúró sí, ó gbójú sókè, ó ń wo òfuurufú tó wà lókè òrùlé wa, ó ń fi ìka ka àjà tí kò tíì sí níbẹ̀. Mo ní ẹ wọlé kẹ́ ẹ wá wo ilé ìdáná. Ó rẹ́rìn-ín músẹ́, ó ní mà, ẹ má yọ ara yín lẹ́nu, a máa wó o ni.

A máa wó o ni! Ọ̀dà ò tíì kúrò léèékánná mi o!

Má dárúkọ Oníṣirò fún mi. Ẹ̀gbọ́n tìẹ ni, àbúrò tèmi ni, mo sì ti mọ̀ ọ́n látìgbà tó ti ń ka ẹran inú àwo ẹlòmíì kó tó jẹ tiẹ̀. Ó ní àdúgbò ti yí padà, ó ní ìsinsìnyí gan-an ló yẹ ká tà. Mo kúkú rí i pé ó yí padà, ṣebí èmi ni mò ń gbé ibẹ̀. Ṣọ́ọ̀bù ẹni tó ń tún bàtà ṣe ti di ibi tí wọ́n ti ń ta kọfí, tí àwọn ọ̀dọ́ ń jókòó ti kọ̀ǹpútà láti àárọ̀ dalẹ́ nídìí ife kan ṣoṣo. Ilé onígíláàsì ti dìde lápá ọ̀tún, òmíì ń bọ̀ lápá òsì, wọ́n ti gba oòrùn mọ́ mi lójú, iná ni mò ń tàn lọ́sàn-án gangan kí n tó lè ki òwú bọ abẹ́rẹ́. Gbogbo ẹni tí mò ń kí lóròòwúrọ̀ ti kó lọ. Ṣùgbọ́n ọkàn mi balẹ̀, ṣé o gbọ́? Mo ní kò kàn wá. Àjà mẹ́ta péré ni òfin gbà fún ilẹ̀ wa tó há gádígádí yìí, kí ni olówó fẹ́ fi ṣe? Wọ́n á wò wá, wọ́n á kọjá.

Ta ló wá lọ yí i padà? Dáhùn! Ta ló lọ gba àṣẹ pé ká lè kọ́ ọ dé àjà kẹfà? Èmi! Èmi olórí burúkú! Àfọwọ́fà gbáà!

Nítorí ta sì ni? Gbójú sókè kó o wò mí. Nítorí ìwọ ni. Ọdún márùn-ún sẹ́yìn, orí àga yẹn náà lo jókòó sí, ojú ẹ rẹ̀wẹ̀sì, o ní ibi tẹ́ ẹ̀ ń gbé há, o ní pálọ̀ làwọn ọmọ ń sùn, o ní ká ní àyè wà nínú ilé wa ni, o ò bá kó tìyàwó tọmọ padà wálé. Ọ̀rọ̀ yẹn wọ̀ mí lákínyẹmí ara. Èmi tí mo pọ̀n ọ́ dàgbà, tí màmá wa kú tí o ò tíì mọ̀ ọ́n rìn! N kò sùn. Ọjọ́ kejì ni mo ti lọ bá ẹni tó ń ya púláànù.

Ẹ̀ẹ̀mọ́kànlá ni mo lọ sí ọ́fíìsì yẹn. Wọ́n á ní màdáámù kò sí níjòókòó. Wọ́n á ní òǹtẹ̀ ò hàn dáadáa. Àjà kan péré ni mo fẹ́ o, akọ̀wé ọ́fíìsì yẹn ló ní kí n kúkú bèèrè dé mẹ́fà, wàhálà kan náà ni, àmọ́ kí gbogbo àwọn tó yí wa ká fọwọ́ sí i pé àwọn ò bínú. Mo bá kọrí sí ilé àwọn èèyàn, láti ẹnu ọ̀nà kan sí òmíì, àwọn tí mo rán aṣọ ilé ìwé ọmọ wọn, gbogbo wọn ló fọwọ́ sí i, wọ́n tún ń bá mi yọ̀ pé àbúrò mi ń bọ̀ wálé! Olówó wo ni wọn ì bá fọwọ́ sí i fún? Ta ni wọn ì bá dá lóhùn? Orúkọ tèmi ni wọ́n wò.

Ìgbà tí ìwé àṣẹ náà jáde, mo fi í sínú gíláàsì, mo gbé e kọ́ síbi tí gbogbo èèyàn ti lè rí i. Oníṣirò wá lọ́dún tó kọjá, mo rò pé ó wá kí mi ni. Ó gbé fóònù síwájú ìwé náà, ó fẹ́ yà á. Ṣé o mọ ohun tí mo ṣe? Mo bá a nu eruku ojú gíláàsì kó lè hàn kedere! Yéè! Ìyẹn ló lọ gbé fún ejẹ́ǹtì. Ìyẹn ni wọ́n kọ gàdàgbà sójú ìpolówó, wọn ò tiẹ̀ sọ pé èèyàn ń gbé inú ilé.

Mo ti rí lọ́yà, má halẹ̀ mọ́ mi. Àwa mẹ́ta la jọ jogún ilé yìí, ẹ̀yin méjì pọ̀ ju èmi nìkan lọ, bí mo kọ̀, kóòtù á bá yín tà á. Mo mọ̀. Ó ti bọ́. Tíṣà bi mí láàárọ̀ yìí pé níbo ni èmi àti òun ń kó lọ, bí ẹni pé mo mọ̀. Mo ní kó lọ jókòó ná.

Kí lo wí? Kí n wá máa gbé lọ́dọ̀ yín? Ṣé àárín àwọn ọmọ tó ń sùn ní pálọ̀ ni kí n tẹ́ ẹní mi sí? Yàrá wo? Yàrá wo ló wà lókè ilé yín? Tí ẹnikẹ́ni ò sùn sí? Látìgbà wo?

Látìgbà tẹ́ ẹ ti débẹ̀.

Ọdún mẹ́jọ lẹ ti wà nínú ilé yẹn. Háà! Dúró ná, jẹ́ kí n rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín ń pa mí. Ìgbà tí mo dúró lórí ìlà lọ́fíìsì yẹn nínú òjò, tí mo ń wá yàrá fún ẹ, yàrá wà ńlé ẹ tí kò sẹ́ni tó ń sùn síbẹ̀! Kí ló dé tí o ò kàn sọ pé o ò fẹ́ padà wálé? Ṣé màá nà ẹ́ ni? O kàn fẹ́ kínú mi dùn lọ́jọ́ yẹn kó o tó máa lọ, àbí? O ṣeun. Inú mi dùn, ó dùn dé ẹ̀yìn.

Mú bírò wá. Níbo? Níbí? Ó ti parí, gbà.

N ò ní wá gbé inú yàrá yẹn. Ẹ jẹ́ kó máa ṣófo lọ. Kó ṣófo títí àwọn ọmọ ẹ á fi dàgbà, tí wọ́n á jókòó síwájú ẹ, tí wọ́n á ní ká ní àyè wà ni, àwọn ì bá wá máa gbé lọ́dọ̀ ẹ. Kí ìwọ náà sì gbà wọ́n gbọ́.