Dígí Méjìlélógún Tí Mo Fọ̀

Mi ò fẹ́ kí wọ́n sin òtítọ́ yìí mọ́ mi. Dókítà ní ọkàn mi ti wú, kí n má gbé ohun tó wúwo mọ́, ṣùgbọ́n èyí tó wúwo jù ni mo fẹ́ sọ̀ lónìí. Rùfáì ni mí, mo ń gé dígí ní Ìkirè. Ẹ má tíì káàánú mi.

Prámárì mẹ́rin ni mo ti kúrò nílé ìwé, nítorí pé oko kòkó bàbá wa ní Ararọ̀mí-Òwu nílò ọwọ́ sí i. Àbúrò mi obìnrin, Ṣùkúrátù, ń kàwé lọ títí ó fi dé yunifásítì ní Ifẹ̀. Òun kọ́ ló ní kí wọ́n mú mi kúrò, mo mọ̀. Síbẹ̀ mo dì í sínú fún ọgbọ̀n ọdún. Èmi kì í gbàgbé, mo sì máa ń fi ṣe fáàrí, òmùgọ̀ ènìyàn. Lọ́dún kan, òjò ń jò sínú yàrá Ṣùkúrátù, ló bá gbé àpótí kan tí dígí méjìlélógún wà nínú rẹ̀ wá sí ṣọ́ọ̀bù mi, pé kí n bá òun tọ́jú wọn. Nǹkan kan bíi jẹ́lì ló bo ojú wọn. Òkè òkun ni wọ́n ti gbé wọn síwájú ẹ̀rọ tó ń sọ kóró inú átọ́ọ̀mù ńlá lu kóró mìíràn, eré rẹ̀ mọ níwọ̀nba. Ohun tó bá fọ́n jáde á fi ipa sílẹ̀ nínú jẹ́lì náà. Ó gbé maikirosíkóòpù ka tábìlì mi. "Bọ̀ọ̀dá, ẹ wá wò ó." Mo rí àwọn ìlà tó tan káàkiri láti ojú kan bí ìràwọ̀. "Èyí tó nípọn tó kúrú, èérún ńlá ni. Èyí tó tẹ́ẹ́rẹ́, nǹkan kékeré ni. Mo fẹ́ mọ̀ bóyá ẹ̀ẹ̀kan náà ni gbogbo rẹ̀ fọ́n jáde nígbà tí wọ́n kọlura, àbí ó kọ́kọ́ gbóná bí omi tó ń hó, tó wá ń tú wọn jáde níkọ̀ọ̀kan." Ọdún mẹ́rin ló ti fi ń kà wọ́n, kó lè gboyè ọ̀mọ̀wé. Mo ní, "Ṣé wọ́n ń jẹ ẹ́ ni?" Ó rẹ́rìn-ín. "Bọ̀ọ̀dá, ẹnu yín yìí!" Ó dùn mọ́ mi láti wò ó, ẹ jẹ́ n sọ ìyẹn náà. Ṣùgbọ́n nígbà tí ọ̀rẹ́ rẹ̀, Tèmídayọ̀, wá mú un lọ, tó rọra bi í pé, "Ta ni bàbá yìí?", Ṣùkúrátù dáhùn pé, "Àwọn ló ń bá mi tọ́jú dígí." Kò sọ pé ẹ̀gbọ́n òun ni mí. Bóyá ó kàn ń kánjú ni.

Ràhmọ̀t, ìyàwó mi, ló máa ń fi omi gbígbóná fọ dígí àlòkù kí n tó gé e. Lọ́jọ́ tó lọ kí àwọn ènìyàn rẹ̀ ní Àpòmù, èmi fúnra mi gbé omi kaná lọ́sàn-án gangan. Jẹ́lì náà ṣí kúrò bí awọ tó máa ń bo ojú ẹ̀kọ mímu. Mo fọ ẹyọ kan. Ó yẹ kí n dúró. Mo fọ gbogbo rẹ̀.

Ìyẹn kọ́ ló burú jù. Nígbà tí Ṣùkúrátù dé, lẹ́yìn tí Ràhmọ̀t ti àjò bọ̀, tó gbé dígí sójú oòrùn tí kò rí nǹkan kan, tó figbe ta pé, "Ta ló fọ̀ ọ́?", mo ní, "Ràhmọ̀t ni. Ó rò pé àlòkù ni." Ràhmọ̀t wò mí. Ó kúnlẹ̀ fún ẹni tó kéré sí i lọ́jọ́ orí, torí pé ìyàwó ilé ni. "Ẹyinjú-ẹgẹ́, ẹ foríjì mí." Orúkọ tó fún un nìyẹn láti ìgbà tó ti wọlé wa, nítorí ìyàwó kì í pe ará ilé ọkọ lórúkọ. Ṣùkúrátù ní, "Má pè mí bẹ́ẹ̀ mọ́, aláìmọ̀wé!" Èmi tí mo kúrò nílé ìwé ní prámárì mẹ́rin wà níbẹ̀, mo ń wolẹ̀.

Lálẹ́, Ràhmọ̀t ní, "Baálé mi, mo ti bá yín gbé ẹ̀bi náà lónìí. Ẹ sọ òtítọ́ fún Ẹyinjú-ẹgẹ́ lọ́la." Ó dúró fún ọjọ́ mẹ́ta. Orí kunkun mi ò jẹ́ kí n sọ ọ́. Ó di ẹrù rẹ̀ padà sí Àpòmù. Ọdún mẹ́fà nìyí. Ṣùkúrátù ò rí irú dígí bẹ́ẹ̀ gbà mọ́, oyè náà sì bọ́. Òun àti Ràhmọ̀t kì í kí ara wọn. Èmi ń dá jẹun, mo ń dá kí ara mi kú alẹ́.

Ṣùkúrátù, má tíì wá bá mi. Àpòmù ni kí o kọ́kọ́ lọ. Ràhmọ̀t kò ṣẹ̀ ọ́ rí. Bí ó bá fún ọ níjókòó, kí ẹ jọ bú mi. Mo bẹ̀ yín, ẹ má tètè dìde.