Orúkọ Tí Mo Tẹ̀ Sórí Kọ̀ǹpútà fún Àbúrò Ọkọ Mi

Ẹ̀yin ará, gbogbo ilé ló ń pè mí ní Ẹnjiníà báyìí, ó sì ń dùn mọ́ mi. Ṣùgbọ́n lọ́jọ́ Sátidé, ẹnìkan ń bọ̀ láti Ùsì wá ra kọ̀ǹpútà àbúrò ọkọ mi, èmi ni mo sì fà á. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbọ́ tèmi.

Ìlúpéjú la ń gbé. Wíńdòsì ló wà lórí kọ̀ǹpútà tèmi. Línọ́sì tí wọn kì í sanwó fún ni tirẹ̀, òun ló fi ń ṣe ìwé ètò ìsìn fún àwọn ìjọ. Ó máa ń fi tèmi ṣẹ̀sín pé ẹ̀rọ arúgbó ni. Inú máa ń bí mi.

Ìyá ọkọ mi sọ ìtàn ìdílé, mo gba ohùn wọn sílẹ̀ sórí kọ̀ǹpútà mi. Àbúrò ọkọ mi fẹ́ fi Wai-Fai ilé fà á sórí tirẹ̀, kó tún un ṣe fún ìsìn ìrántí Bàbá. Mo ṣí àyè fún un lórí tèmi. Mo ní, "Ẹ fi orúkọ yín àti ọ̀rọ̀ aṣínà wọlé."

Ó tẹ̀ ẹ́ títí, kò ṣí. Ọkọ mi bú u: "Ẹ̀rọ ọ̀fẹ́ tí ò ń gbé gẹ̀gẹ̀ nìyẹn!"

Ẹ jọ̀ọ́, ibẹ̀ ni mo ti ṣẹ̀. Ìyàwó kì í pe ọmọ tó bá nílé ọkọ lórúkọ. Dúdúyẹmí ni mo ń pè é, Dúdúyẹmí náà ni mo kọ sí àyè tí mo ṣí fún un. Orúkọ àbísọ rẹ̀ lòun ń tẹ̀ ní tirẹ̀. Mo rántí níbi tí mo ti ń gúnyán. Mo dákẹ́. Mo tiẹ̀ rẹ́rìn-ín sínú odó.

Nígbà tí ìsìn kù sí dẹ̀dẹ̀, mo jókòó sídìí ẹ̀rọ mi. Mo bojú wẹ̀yìn. Mo ṣí àyè tuntun, mo sì tẹ orúkọ tí ẹnu mi ò pè rí. Mo ní kí àbúrò ọkọ mi tún un gbìyànjú.

Ó ṣí gbayawu! Ohùn Màmá gba gbogbo pálọ̀. Wọ́n dì mọ́ mi: "Ìyàwó mi, kú uṣẹ́ o! Ulé yìí á gbè ọ́." Àbúrò ọkọ mi dọ̀bálẹ̀ gbalaja, ó ní Wíńdòsì lọ̀gá. Ijó ni mo fi dá wọn lóhùn. N ò ní purọ́ fún yín, ó dùn!

Àṣé ó ti gbà pé ẹ̀rọ òun ò dáa. Ó fẹ́ tà á, òun ló sì fi ń jẹun. Màá sọ fún un kí ará Ùsì tó dé, ṣùgbọ́n báwo ni kí n ṣe bẹ̀rẹ̀? Ẹ jọ̀ọ́, èmi ni mo tì í, èmi náà ni mo ṣí i. Ṣé n ò lè tọrọ àforíjì fún èkíní, kí n sì máa jó sí èkejì?