Ibi Tí Páìpù Jókòó Lé

Ọkọ̀ Ṣàgámù tá a wọ̀ ní Ògèrè ò tíì kún nígbà tí bàbá tó jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi bi ọmọbìnrin tó gbé àṣíborí òṣìṣẹ́ lé itan pé irú iṣẹ́ wo ló ń ṣe.

"Páìpù ni mo máa ń yẹ̀ wò, sà. Iléeṣẹ́ ọṣẹ ẹ̀yìn ibí yìí ni mo ti ń bọ̀. Wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ kun tiwọn lọ́dà, ó ń dán. Ọ̀gá wọn ní kí n buwọ́ lùwé kí n máa lọ. Mo ní rárá, ibi tó jókòó lé ni mo fẹ́ rí."

"Ibi tó jókòó lé?"

"Lórí irin tó gbé e dúró, sà. Omi máa ń fara pamọ́ síbẹ̀. Wọ́n ráhùn títí, ṣùgbọ́n wọ́n fi jáàkì gbé e sókè. Ó ti dógùn-ún, ó ti fẹ́lẹ́ bíi bébà. Omi gbígbóná ló sì wà nínú ẹ̀!"

"Ṣé kò sẹ́ni tó fara pa?"

"Kò sí o. Wọ́n ti tì í pa, wọ́n máa pààrọ̀ ẹ̀."

Bàbá ṣí fìlà. "Ọpẹ́ o. Ọmọ mi, èmi ni mo máa ń kun páìpù yẹn kí n tó fẹ̀yìn tì. Tí àlejò bá ń bọ̀ la máa ń kùn ún. Búrọ́ọ̀ṣì wa ò wọ abẹ́ ibẹ̀ rí, a kàn máa ń fi ọ̀dà dí etí ẹ̀ ni. Abẹ́ ẹ̀ náà la sì ti máa ń jẹun ọ̀sán."

"Ẹnì kankan ò ní jẹun níbẹ̀ mọ́, sà."

Bàbá rẹ́rìn-ín. Nígbà tí dírẹ́bà ṣíná ọkọ̀, bàbá rọra dìde, ó bẹ̀rẹ̀, ó sì wo irin abẹ́ ìjókòó ẹ̀ dáadáa.