Ẹ̀rọ Géèmù Tí Mo Fi Owó Ẹyọ Anestis Gbà

Alága, ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbé ọ̀bẹ yẹn kalẹ̀ ná. Ẹ má tíì fà á lé mi lọ́wọ́. Mo mọ̀ pé ebi ń pa àwọn ọmọdé, mo mọ̀ pé kọfí ń tutù, ṣùgbọ́n bí mo bá fi ọ̀bẹ kan kéèkì yìí lónìí kí n tó sọ ohun tó wà níkùn mi, mo gbé. Ọdún kan gbáko ni mo fi ru ẹrù yìí. Ó tó gẹ́ẹ́. Òtítọ́ ń fẹ́ jáde, àfi kí n yà fún un.

Ẹ ní kí èmi Pantelis, atukọ̀ tó ti fẹ̀yìntì, wá gé kéèkì Básílì Mímọ́ tí a fi ń kí ọdún tuntun káàbọ̀ nítorí oore tí mo ṣe fún Anestis. Oore! Ẹ wò ó bó ṣe jókòó lẹ́bàá fèrèsé yẹn, tó fi fìlà kọ́ orúnkún, tó ń rẹ́rìn-ín músẹ́ sí mi. Ogójì ọdún ni èmi àti ẹ̀ ti jọ ń ta ayò távli níwájú ilé kọfí, a sì ti bú ara wa débi pé kò sí èébú tó kù tí a ò tíì lò. Ọ̀rẹ́ mi ni. Òun náà ni mo jà lólè. Ẹ má pariwo, ẹ jọ̀ọ́. Ẹ jẹ́ kí n rò ó láti ìbẹ̀rẹ̀.

Ẹ rántí ọdún tó kọjá, nínú gbọ̀ngàn yìí kan náà. Láti ìgbà tí a ti dá ẹgbẹ́ ará erékùṣù kékeré wa yìí sílẹ̀, ẹni tó bá rí owó ẹyọ kan ṣoṣo tí a fi pamọ́ sínú kéèkì nínú ègé tirẹ̀ máa ń gba garawa òróró ólífì kan, tàbí ọ̀dọ́ àgùntàn bí ọdún bá dára. Ṣùgbọ́n lọ́dún tó kọjá, ọmọ Theodosis, ọ̀kan nínú wa, èyí tó wà ní Melbourne lókè òkun, fi ẹ̀rọ géèmù tuntun ránṣẹ́ sílé, nínú páálí, ó ń dán yanran. Alága gbé e sórí tábìlì yìí bí ẹ̀bùn ọdún náà, ẹ̀yin sì bẹ̀rẹ̀ yẹ̀yẹ́. Ta ló tiẹ̀ sọ ọ́ lọ́jọ́ náà pé, "Kí la fẹ́ fi èyí ṣe, ṣé ó ń din ẹyin ni?" Gbogbo yín rẹ́rìn-ín. Èmi náà rín. Ẹ̀rín ẹnu lásán ni.

Torí mo ti fọwọ́ kan irú ẹ̀ rí. Ní ṣọ́ọ̀bù kan ní erékùṣù ńlá, nítòsí ibi tí ọkọ̀ ti ń gúnlẹ̀, wọ́n tan ọ̀kan sílẹ̀ kí àwọn oníbàárà lè dán an wò. Géèmù ọkọ̀ ojú omi ló wà nínú ẹ̀. Ẹ̀yin ará mi, ó ti pé ọdún mẹ́fà tí ojú mi ti kọ iṣẹ́, ọdún mẹ́fà tí ọwọ́ mi ò ti kan ìtọ́kọ̀. Mo di páàdì tí wọ́n fi ń darí rẹ̀ mú, mo tẹ̀ ẹ́ sósì, ọkọ̀ inú ẹ̀rọ yà sósì. Ọmọbìnrin tó ń tajà ní, "Bàbá, ṣé ọmọ-ọmọ yín lẹ fẹ́ rà á fún?" Ojú tì mí, mo ní bẹ́ẹ̀ ni. Ọmọ-ọmọ wo? Mi ò tiẹ̀ bímọ! Mo jáde ní ṣọ́ọ̀bù yẹn, ṣùgbọ́n ọkàn mi ò bá mi jáde.

Alága gé kéèkì bí a ṣe ń gé e: ti Kristi, ti ilé, ti àlejò, lẹ́yìn náà tiwa lórúkọ-lórúkọ, tó fi mọ́ ti àwọn tí kò sí níkàlẹ̀. Anestis ò sí níkàlẹ̀. Kíndìnrín rẹ̀ ti daṣẹ́ sílẹ̀, wọ́n sì ti dá a dúró sí ọsibítù ní erékùṣù ńlá. Alága ní, "Ti Anestis rèé," ó fi pépà wé e, ó gbé e fún mi, torí èmi ni mo fẹ́ wọkọ̀ ọ̀sán lọ wò ó. Bó ṣe bọ́ sí mi lọ́wọ́ báyìí, àtàǹpàkò mi kan nǹkan líle. Ọwọ́ tó fi ogójì ọdún mọ ìgbà tí ìdí ọkọ̀ fẹ́ kan àpáta, ṣé kò ní í mọ owó ẹyọ nínú kéèkì?

Mo ní mo fẹ́ wá ọ̀rá tí màá fi dì í dáadáa. Irọ́ àkọ́kọ́ nìyẹn. Mo wọ ilé ìdáná tó wà lẹ́yìn yìí, mo tú pépà, mo fi ìka yọ owó ẹyọ náà, mo tẹ kéèkì náà dé, mo tún un wé. Èmi! Èmi tí mo máa ń fi àmì àgbélébùú kan àyà kí n tó gun ọkọ̀! Mo ti owó ẹyọ sí ẹ̀rẹ̀kẹ́, mo jáde sí yín, mo bu kéèkì tèmi jẹ, mo sì ké, "Yéè! Eyín mi o!" Alága, ẹ̀yin lẹ sáré wá, tí ẹ ń bi mí bóyá ó kán. Ẹ pàtẹ́wọ́. Ẹ gbé páálí fún mi. Mo ní, "Àwọn ọmọ àbúrò mi ní Patra ni màá fi ránṣẹ́ sí." Irọ́ kejì, ẹ bá mi kà á.

Mo wọkọ̀ ọ̀sán. Anestis wà lórí ìbùsùn, ojú rẹ̀ wú, àwọ̀ rẹ̀ ti di ti eérú. Mo gbé kéèkì rẹ̀ fún un. Ohun tó kọ́kọ́ bi mí ni pé, "Ta ló rí owó ẹyọ?" Mo ní, "Èmi ni." Ó tú pépà, ó yí kéèkì náà sọ́tùn-ún sósì wò. Lẹ́yìn náà ó jẹ ẹ́ tán, ó tún fi ìka ṣa èérún rẹ̀ jẹ. Ó ní, "Mo bẹ Básílì Mímọ́ lọ́dún yìí pé kó jọ̀ọ́ fi owó ẹyọ yẹn ta mí lọ́rẹ. Kì í ṣe torí ẹ̀bùn o, Pantelis. Torí ọdún ni." Mo ní, "Wàá rí i lọ́dún tó ń bọ̀." Ó ní, "Bí mo bá débẹ̀." Ó wá na ọwọ́ sí mi: "Oríire o. Kó ta gbòǹgbò lọ́wọ́ ẹ, kó o lò ó pẹ́." Ẹ̀yin ará, ẹ mọ ohun tí àwọn bàbá wa fi lé wa lọ́wọ́. Ẹni tí owó ẹyọ bá bọ́ sí lọ́wọ́ ló ni oríire ọdún. Ẹ̀rọ géèmù kọ́ ni mo jí. Ọdún aláìsàn ni mo fi ìka yọ nínú kéèkì.

Ṣé ẹ fẹ́ gbọ́ bí ó ṣe dùn tó? Màá sọ, torí ìjẹ́wọ́ tó bá fo ibi tí ẹ̀ṣẹ̀ ti dùn, irọ́ náà ni. Láàárọ̀ ọjọ́ kejì mo fa kọ́tìnì, mo fi ọ̀bẹ ẹja la páálí náà. Òórùn nǹkan tuntun kọlù mí nímú. Ẹ̀rọ náà kéré, ó fẹ́lẹ́, ó fúyẹ́ débi pé mo da páálí délẹ̀ tí mo ń wá èyí tó kù. Páàdì rẹ̀ ń yọ sí méjì, ọ̀kan fún ọwọ́ ọ̀tún, ọ̀kan fún òsì. Odindi wákàtí kan ni mo fi wá ihò tí wáyà rẹ̀ máa wọ̀ lẹ́yìn tẹlifíṣọ̀n, tí mo ń ṣépè fún ẹni tó ṣe é. Nígbà tó tàn, ó kọrin díẹ̀, ó sì béèrè orúkọ mi. Ta ló ti béèrè orúkọ mi láti ọjọ́ tí mo ti fẹ̀yìntì? Mo tẹ̀ ẹ́ sí i, lẹ́tà kọ̀ọ̀kan: Kápútẹ́nì Pantelis. Mi ò di kápútẹ́nì rí láyé mi, ẹ̀yin náà mọ̀.

Géèmù ọkọ̀ yẹn kan náà ló bá a wá. Lákọ̀ọ́kọ́, mo fi orí ọkọ̀ gbá èbúté. Lẹ́ẹ̀kejì, mo rì í tòun tẹrù. Lẹ́ẹ̀kẹta, mo rọra wọlé, mo jẹ́ kí atẹ́gùn bá mi yí ìdí rẹ̀, bí mo ṣe máa ń ṣe é gan-an nígbà ayé mi, ó sì fara kan èbúté pẹ́lẹ́. Páàdì náà gbọ̀n díẹ̀ ní àtẹ́lẹwọ́ mi, bí ara ọkọ̀ ṣe máa ń gbọ̀n. Ni mo bá bú sẹ́kún. Àgbàlagbà ẹni ọdún mọ́kàndínláàádọ́rin, tòun ti síńgílẹ́ẹ̀tì, mo jókòó síwájú tẹlifíṣọ̀n mo ń sunkún ayọ̀. Ọ̀sẹ̀ méjì ni mo fi sọ fún yín pé òtútù mú mi. Òtútù kankan ò mú mi. Mo ń tukọ̀ ni. Alága, ọbẹ̀ adìẹ tí ẹ gbé wá fún mi nígbà náà, irọ́ ni mo fi jẹ ẹ́, ó sì dùn.

Nígbà ààwẹ̀ tó ṣáájú Àjíǹde ni wọ́n pè mí pé ara Anestis ti burú sí i. Páàdì já bọ́ lọ́wọ́ mi. Mo ní, "Pantelis, o ti jẹ ọdún ọlọ́dún." Ǹjẹ́ mo lọ jẹ́wọ́? Ẹnu mi ò gbà á. Ojo ni mí. Mo ki ẹ̀rọ náà sínú àpò, mo wọkọ̀, mo gbé e lọ bá a. Mo rò pé màá san án padà lábẹ́lẹ̀, láìjẹ́ pé mo la ẹnu mi. Ẹ̀ẹ̀mẹta lọ́sẹ̀ ni wọ́n ń so ó mọ́ ẹ̀rọ tó ń fọ ẹ̀jẹ̀, wákàtí mẹ́rin-mẹ́rin. Abẹ́rẹ́ wà ní apá òsì rẹ̀, kò gbọ́dọ̀ mì ín, ọwọ́ kan ṣoṣo ló kù fún un. Mo so ẹ̀rọ géèmù mọ́ tẹlifíṣọ̀n tó wà níwájú ìbùsùn rẹ̀, mo yọ páàdì sí méjì. Mo fún un ní ti ọ̀tún, mo mú ti òsì. Èmi ń darí ọkọ̀, òun ń mú un sáré. Ọkọ̀ kan, àgbà méjì!

Ó ní, "Sọ́tùn-ún, ìwọ ọ̀dẹ̀!" Mo ní, "Ta lọ̀dẹ̀? Ìwọ tó ń sáré bí ẹni tí ọlọ́pàá ń lé?" Nọ́ọ̀sì wá dúró tì wá, ó ní, "Ẹ̀yin bàbá méjì yìí, ẹ̀rọ ẹ̀jẹ̀ ń ké, ẹ̀yin náà ń ké. Èwo ni kí n kọ́kọ́ pa?" Láti ọjọ́ náà, ẹ̀ẹ̀mẹta lọ́sẹ̀ ni mo ń wọkọ̀. Díẹ̀díẹ̀ ó bẹ̀rẹ̀ sí í jẹun. Díẹ̀díẹ̀ ohùn rẹ̀ padà. Lọ́jọ́ tó bú mi tó fi ìyá mi kún un, mo mọ̀ pé kò ní í kú mọ́.

Ẹ dúró, mi ò tíì dé ibi tó burú jù. Lọ́jọ́ Àjíǹde, ní àgbàlá ṣọ́ọ̀ṣì, tí a ń gbá ẹyin Àjíǹde tí a kùn ní pupa mọ́ ara wọn gẹ́gẹ́ bí àṣà, Anestis, tí ọsibítù ti jẹ́ kó padà wálé, fi ọ̀pá dìde, ó ní kí gbogbo yín dákẹ́. Ó ní, "Ọkùnrin yìí rí oríire, kò dá a jẹ. Ó gbé e wá bá mi níbi tí wọ́n so mí mọ́." Ó sì mú ọwọ́ mi, ó fẹnu kò ó. Ọwọ́ ọ̀tún yìí, tó wọ inú kéèkì rẹ̀. Mo sì jẹ́ kó ṣe é! Mo tẹrí ba bí ẹni mímọ́ inú àwòrán. Ẹ̀yin ń nu ojú, àwọn ìyá ń súre fún mi. Nínú ilé ìdáná, owó ẹyọ ni mo jí. Lọ́jọ́ Àjíǹde, ọpẹ́ ni mo jí, lójú gbogbo ayé, lójú Ọlọ́run. Ọpẹ́ yẹn náà lẹ sì fi ń gbé ọ̀bẹ fún mi lónìí.

Ẹ̀rọ náà rèé nínú àpò yìí. Owó ẹyọ náà rèé, mi ò ná an, mi ò sọ ọ́ nù. Ti Anestis ni méjèèjì. Ẹ má gé kéèkì fún mi lọ́dún yìí, ẹ fi tèmi kún ti àlejò. Ẹ̀yin ọmọdé tẹ́ ẹ jókòó sílẹ̀ yìí, ẹ gbọ́ mi: ohun tẹ́ ẹ bá fẹ́, ẹ lanu kẹ́ ẹ sọ pé ẹ fẹ́ ẹ. Ká ní mo sọ ọ́ lọ́jọ́ náà pé, "Ẹ̀yin ará, èmi arúgbó fẹ́ gbá géèmù," ẹ̀ bá fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ fún oṣù kan, kò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ìtìjú kékeré ni mo sá fún tí mo fi kó sínú ńlá. Anestis, mi ò ní ẹjọ́ kankan láti rò. Dárí jì mí. Tó o bá ní o ò ta ayò pẹ̀lú mi mọ́ láyé, ó tọ́ sí mi.

Anestis, kí ló wá pa ẹ́ lẹ́rìn-ín? Ẹ dákẹ́ ná, ẹ jẹ́ ká gbọ́ ohun tó ń wí. Ẹ gbọ́ o! Ó ní òun mọ̀. Ó ní lọ́jọ́ tí òun tú pépà yẹn lórí ìbùsùn ni òun ti rí ojú ibi tí owó ẹyọ sùn sí nínú kéèkì, róbótó, tòun ti ojú ìka mi lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Láti ọjọ́ náà! Kí ló wá dé tó o dákẹ́, ìwọ ọkùnrin yìí? Ó ní, "Ṣé kí n sọ̀rọ̀ kí n pàdánù ọ̀rẹ́ àti géèmù lẹ́ẹ̀kan náà ni? Mo ní kí n dúró dè ọ́, ìwọ fúnra ẹ á sọ ọ́. Kí lo rò pé mo fẹnu ko ọwọ́ yẹn fún lọ́jọ́ Àjíǹde? Mo ní bóyá á jó ẹ, kó o lanu. Orí ẹ le ju àpáta lọ!"

Ó ti dìde. Ẹ yà fún un, ẹ má dì í mú, ó lè rìn. Ó ti gba ọ̀bẹ lórí tábìlì, ó ń tì í bọ̀ mí lọ́wọ́. Ó ní, "Gé e, Pantelis, ebi ń pa àwọn ọmọdé. Gé tìẹ náà mọ́ ọn. Ṣùgbọ́n lọ́dún yìí mo wà níbí. Tèmi, èmi fúnra mi ni màá mú un."